Ọ̀rọ̀ Owó fún Àwọn Obìnrin Tí Ń Fi Òwò Tún Ìlú Ṣe

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ohun tí a bá ní ni à ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn gbogbo ẹni tí ó bá ń ronú nípa ìlọsíwájú ilẹ̀ wa, nítorí pé ohun kan wà tí a ní, tí a kò tí ì náání rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ohun náà ni ọgbọ́n àti akitiyan àwọn obìnrin wa tí ń dá òwò sílẹ̀, kì í ṣe nítorí kí wọ́n lè jèrè nìkan, ṣùgbọ́n nítorí kí ìlú pẹ̀lú lè bọ́ lọ́wọ́ ìnira kan tí ó ti ń bá a fínra láti ọjọ́ pípẹ́. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ń bọ́ ẹni tí ó dá a sílẹ̀, ó ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ìjọba ì bá ṣe.

Ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí ni èyí: ta ni ń fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ lówó, ta ni ń tọ́ wọn sọ́nà, kí sì ni ìdí rẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú ìrànlọ́wọ́ náà ti ń wá?

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa dà bí ẹni ń rọ́ àlá, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀.

Èkíní ni ti Ìyáàfin Bilikiss Adebiyi-Abiola. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Èkó ni ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré: ike, agolo àti ọ̀rá omi a dí ojú gọ́tà, omi a sì ya wọ ilé onílé. Ní ọdún 2012, obìnrin yìí, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà tí ó sì ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ IBM, dá iléeṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù wọ àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ̀. Wọ́n ń gba ike àti agolo lọ́wọ́ àwọn ará ilé, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lórí ìwọ̀n, wọ́n sì ń fi iye máàkì tí ó tọ́ sí olúkúlùkù ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀. Bí máàkì bá pọ̀ tó, onílé a fi gba ohun èlò ilé. Ohun tí a kó jọ ni a ń tà fún àwọn iléeṣẹ́ tí ń yọ́ ọ láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Bí ìdọ̀tí ṣe di owó nìyẹn, tí ojú gọ́tà sì mọ́ sí i.

Èkejì ni ti Ìyáàfin Temie Giwa-Tubosun, ẹni tí a bí ní Ìlá Ọ̀ràngún. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ kò ní àkókò láti dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fojú bù ú pé ní ọdún 2023 nìkan, nǹkan bí 75,000 obìnrin ni ó kú ní Nàìjíríà nítorí oyún tàbí ìbímọ, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé lọ. Ẹ̀jẹ̀ yíya sì wà lára olórí ohun tí ń pa wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ lè wà ní ilé ìpamọ́ kan ní ìlú kan náà, kí ilé ìwòsàn tí ó ń wá a má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìyáàfin yìí ni ó dá iléeṣẹ́ LifeBank sílẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní nǹkan bí ọdún 2016, láti máa wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà, kí àwọn alálùpùpù rẹ̀ sì gbé e nínú àpótí tútù dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó ń retí rẹ̀, lóru àti lọ́sàn-án.

Ẹ̀kẹta ni ti Ìyáàfin Achenyo Idachaba, ọmọ Ígálà tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùdó. Láti nǹkan bí ọdún 1984 ni koríko kan tí ń léfòó lórí omi ti gba ìhà Bàdágìrì wọ orílẹ̀-èdè wa, tí ó sì ti bo ọ̀sà àti odò títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ àti síwájú sí i. Ọkọ̀ ojú omi kò lè kọjá, àwọ̀n apẹja kò lè rì, ọmọ ilé-ìwé tí ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí kíláàsì a dúró sílé. Obìnrin yìí ni ó ronú pé ohun tí ń pa òwò ẹlòmíràn lè di òwò. Ó dá MitiMeth sílẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ará etí odò bí a ti í sá koríko náà gbẹ, bí a ti í hun ún di okùn, agbọ̀n, àga àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé tí àwọn ènìyàn ń fi owó gidi rà.

Ẹ kíyèsí i pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí tí ó dúró de ìjọba. Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé kò sí ọ̀kan tí ó dá a dúró láìsí ìrànlọ́wọ́. Ìyáàfin Adebiyi-Abiola gba ẹ̀bùn ètò àwọn obìnrin oníṣòwò tí iléeṣẹ́ Cartier ti ilẹ̀ Faransé dá sílẹ̀ ní 2006. Òun ni ó gba ti Áfíríkà ní 2013, Ìyáàfin Idachaba sì gba tirẹ̀ ní 2014. Lẹ́yìn èyí, àjọ kan ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, èyí tí a fi orúkọ Ọba Baudouin pè, fún Wecyclers ní ẹ̀bùn 200,000 yúrò. Ní ọdún 2019, ní ìlú Àkírà ní ilẹ̀ Gánà, Ìyáàfin Giwa-Tubosun ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje tí Jack Ma, oníṣòwò ará Ṣáínà, gbé kalẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Áfíríkà, owó tí a sì fún un jẹ́ 250,000 dọ́là.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣoore. A kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé kò sí ọmọ ilẹ̀ wa kan tí ó na ọwọ́. Ibùdó CcHUB ní Yábà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba LifeBank mọ́ra. Ọ̀gbẹ́ni Tony Elumelu pẹ̀lú ti ya 100 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ láti ọdún 2015 fún àwọn oníṣòwò Áfíríkà, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹni tí a bá yàn a gba ẹ̀kọ́, a gba olùtọ́sọ́nà, a sì gba 5,000 dọ́là láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ka iye àwọn olówó tí ó wà láàrin wa, iye ọkọ̀ tí ń tẹ̀lé ara wọn lọ síbi òkú àti ìyàwó ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àti iye owó tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú àwọn onílù, a óò gbà pé ohun tí a ń ṣe kò tíì tó nǹkan.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀ràn náà ti le jù. Gbogbo àwọn obìnrin mẹ́ta tí a dárúkọ ni wọ́n ti gbé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ tàbí ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó dá òwò wọn sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ èdè àwọn tí ń fúnni lówó, wọ́n mọ bí a ti í kọ ìwé ìbéèrè, wọ́n sì mọ ẹnu ọ̀nà tí a ń kàn. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi wọn; iyì wọn ni, nítorí pé wọ́n mú ohun tí wọ́n mọ̀ padà wá sílé. Ṣùgbọ́n kí ni ti obìnrin tí kò rí ọkọ̀ òfuurufú rí, tí ó sì ní ọgbọ́n tí ó tó tiwọn? Kí ni ti aláró ní Abẹ́òkúta tí ó ń wá ọ̀nà láti má ṣe da omi aró sínú odò mọ́? Kí ni ti ẹni tí ń yan gàrí, tí èéfín ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, tí ó sì mọ bí a ṣe lè mọ ààrò tí kò ní máa rú èéfín sí ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Kí ni ti agbẹ̀bí tí ó mọ bí a ṣe lè máa gbé aláboyún láti oko dé ilé ìwòsàn kí ó tó pẹ́ jù? Ìwé ìbéèrè owó wọ̀nyí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ wọ́n, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń kún wọn, òkè òkun sì ni a ti ń yẹ̀ wọ́n wò. Àjèjì kò lè rí àwọn obìnrin wọ̀nyí. Àwa tí à ń gbé àárín wọn nìkan ni ó lè rí wọn.

Bí a bá sì wo ẹ̀yìn, a óò rí i pé dídá owó lé obìnrin kì í ṣe ohun titun ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin wa ni ó ni ọjà láti ayébáyé. Madam Tinubu, ẹni tí ó kú ní 1887, kó òwò jọ débi tí àwọn ọba fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Alimotu Pelewura kó àwọn ọlọ́jà Èkó jọ láti kọjú sí òfin tí ìjọba amúnisìn fi ń bu iye lé oúnjẹ. Àjọ àti èésú ni owó tí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ fi ń ṣòwò. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa èésú nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sì kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní 1952. Kódà, àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, àwọn ará Trinidad sì ń dá a títí di òní yìí, wọ́n ń pè é ní súsù.

Kí ni ohun ìdógò nínú èésú? Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ilẹ̀. Orúkọ rere ni. Ẹni tí ó bá kó owó tí kò sì dá a mọ́, ojú ọjà kò ní gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin kan náà bá dé báńkì, ìwé ilẹ̀ ni a óò bi í, ilẹ̀ náà sì rèé, orúkọ bàbá rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó wà nínú ìwé rẹ̀. Báyìí ni ẹni tí ó ti san èésú fún ogún ọdún láìyẹ̀ ọjọ́ kan ṣe ń di ẹni tí a kò lè gbà gbọ́. Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà fojú bù ú pé owó tí ó yẹ kí àwọn oníṣòwò obìnrin Áfíríkà rí, tí wọn kò sì rí, tó bílíọ̀nù 42 dọ́là. Àwọn tí ó rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀ràn náà wà, kí wọ́n mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà pàápàá, nínú owó ńlá tí àwọn olùdókòwò ń fi sínú àwọn iléeṣẹ́ titun, nǹkan bíi dọ́là méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń kan iléeṣẹ́ tí obìnrin nìkan dá sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ní ìlú Ahmedabad ní ilẹ̀ Íńdíà, Ela Bhatt, obìnrin amòfin kan, dá ẹgbẹ́ SEWA sílẹ̀ ní 1972 fún àwọn obìnrin aláàárù, àwọn aránṣọ àti àwọn tí ń kiri ẹ̀fọ́. Báńkì kọ̀ láti yá wọn lówó. Ní 1974, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin (4,000) nínú wọn dá rúpì mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n sì dá báńkì tiwọn sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ ní àwọn obìnrin tí kò lè fọwọ́ síwèé kò lè ni báńkì. Àwọn obìnrin náà bá fi òru ọjọ́ kan kọ́ bí a ti í kọ orúkọ ẹni. Báńkì náà gbilẹ̀, ó sì di àwòkọ́ṣe fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Bangladesh ẹ̀wẹ̀, ní 1976, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dọ́là 27 tí ó yá ènìyàn 42 ní abúlé Jobra. Láti inú èyí ni Báńkì Grameen ti jáde ní 1983, àwọn tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ń yáwó níbẹ̀ sì jẹ́ obìnrin. Ní 2006, òun àti báńkì náà jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú kan wo nǹkan. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní Íńdíà kan náà, ní ọdún 2010, ọ̀ràn owó yíyá fún àwọn obìnrin di ìbànújẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ ayánilówó ti pọ̀ jù. Obìnrin kan a yá lọ́dọ̀ èyí láti fi san gbèsè tọ̀hún. Àwọn agbowó a máa dójú tì wọ́n ní gbangba, a sì ròyìn pé àwọn kan tìtorí rẹ̀ pa ara wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní láti fi òfin dá wọn lẹ́kun. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé owó nìkan kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Owó tí kò bá bá irú òwò náà mu, ẹrù ni.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Ẹni tí ń ta ata lè san owó padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ó ń tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lè má rí owó gbà títí oṣù mélòó kan yóò fi kọjá. Ẹni tí ń kọ́ àwọn ará etí odò ní iṣẹ́ híhun yóò ná owó fún ìgbà pípẹ́ kí agbọ̀n kan ṣoṣo tó délé oníbàárà. Bí a bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní owó tí a óò máa gbà padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ti dè é lọ́wọ́. Ohun tí ó nílò ní ìbẹ̀rẹ̀ ni owó ẹ̀bùn tí kò ní san padà, kí ó lè dán ọgbọ́n rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, owó ìpín lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá a jèrè bí èrè bá wà. Nígbẹ̀yìn, tí òwò bá ti rinlẹ̀, kí ó tó yá owó èlé.

Ohun kejì tí ó nílò ni ìtọ́ni. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èyí ni ìdí tí àwọn ètò tí ó dára kì í fi í fi owó léni lọ́wọ́ kí wọ́n sì kẹ́yìn sí i. Wọn a yan ènìyàn díẹ̀, wọn a fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tọ́ wọn, wọn a fún olúkúlùkù ní àgbà oníṣòwò kan tí yóò máa bi í ní ìbéèrè tí kò fẹ́ kí a bi òun: Èló ni o ń ná sórí ọjà kọ̀ọ̀kan? Èwo ni owó òwò, èwo sì ni owó oúnjẹ? Bí àìsàn bá dá ọ dúró lóṣù kan, ta ni yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù? Wọn a tún kó àwọn tí a yàn jọ, kí wọ́n lè di ẹgbẹ́, kí ọ̀kan lè júwe oníbàárà fún èkejì. Èyí tí ó dára jù nínú wọn a sì fún obìnrin náà ní owó oúnjẹ lóṣooṣù, nítorí pé ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kò lè fi iṣẹ́ tí ó ń mówó wọlé sílẹ̀ kí ó sì máa wojú Ọlọ́run. Ǹjẹ́ èyí ṣàjèjì sí wa bí? Bí a ti ń kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn: ọ̀gá a bọ́ ọmọṣẹ́, a kọ́ ọ, a sì dá a sílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà nígbà tí ó bá gbòmìnira.

Àwọn kan yóò wí pé, "Kí ni ti àwọn ọkùnrin? Ṣé àwọn kò tòṣì ni?" A dáhùn pé kò sí ẹni tí ó ní kí a má ran ọkùnrin lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀kùn kò sí sílẹ̀ fún ni a ń ṣí ilẹ̀kùn fún. Àwọn mìíràn yóò wí pé owó tí a bá fún obìnrin, ọwọ́ ọkọ ni yóò bọ́ sí. Èyí lè ṣẹlẹ̀, òun sì ni ìdí tí olùtọ́sọ́nà, ìwé ìṣirò àti àpamọ́ tí ó wà ní orúkọ òwò fúnra rẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Àwọn kan yóò tún wí pé ìjọba ti ń ṣe é. Lóòótọ́, ní 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò TraderMoni kalẹ̀, èyí tí ó ń yá àwọn ọlọ́jà kéékèèké ní owó láti orí 10,000 náírà láìgba ohun ìdógò. Ó ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n 10,000 náírà kò lè ra alùpùpù agbẹ́jẹ̀; àti pé bí ìbò 2019 ti ń súnmọ́lé, àríyànjiyàn ńlá ni ó bẹ́ sílẹ̀ bóyá owó òwò ni tàbí owó ìbò, ìjọba sì sẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ó bá fara jọ owó ìbò, àwọn tí ó gbà á kò ní kà á sí gbèsè, àwọn tí kò rí i gbà yóò sì kà á sí ìrẹ́jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, ẹ̀yin ni a kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí àkókò ìbò bá dé, àwọn obìnrin ni ó ń jó níwájú, àwọn ni ó ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, àwọn ni ó ń tò lórí ìlà láti òwúrọ̀. Kí ni ó ń jẹ́ ìpín wọn? Ìwọ̀n ìrẹsì díẹ̀ àti iyọ̀ nínú ọ̀rá. A ń fẹ́ kí ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín, ìbáà jẹ́ láti inú ẹgbẹ́ yòówù, pé: èló ni ìpínlẹ̀ wa yóò yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn obìnrin tí òwò wọn ń tún ìlú ṣe? Àwọn wo ni yóò yàn wọ́n, ṣé wọn yóò sì tẹ orúkọ àwọn tí a yàn jáde fún gbogbo ènìyàn láti rí? Ṣé a óò lè fi Yorùbá tọrọ owó náà? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó lọ ronú wá.

Ẹ̀yin báńkì, òfin ti wà tí ó gbà yín láàyè. Láti ọdún 2017 ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti sọ pé ohun tí ó ṣe é gbé kúrò nílẹ̀, bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, ọkọ̀ tàbí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, lè jẹ́ ìdógò. Ẹ jẹ́ kí obìnrin tí kò nílẹ̀ fi ẹ̀rọ rẹ̀ yáwó. Ẹ jẹ́ kí ìwé àkọsílẹ̀ èésú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá jẹ́rìí fún un.

Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston àti ní ibi gbogbo, a kò ní kí ẹ má ṣe òkú òbí yín. Ohun tí a ń wí ni pé bí ìdílé méjìlá bá pa ìdá kan nínú mẹ́wàá owó òkú wọn pọ̀, yóò tó láti tọ́ àwọn obìnrin bíi mélòó kan fún odidi ọdún, orúkọ òkú náà kò sì ní parun. Ìlú wa mọ bí a ti í da owó jọ. Ní 1953 ni a dá Báńkì Alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó sì wà lára àwọn tí ó gbé e ró. Báńkì náà kò dá dúró mọ́ láti ìgbà tí a ti pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 2006; ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ wa kò kú: owó kékeré láti ọwọ́ púpọ̀, tí a bá fi òtítọ́ tọ́jú rẹ̀, a máa gbé iṣẹ́ ńlá ró.

Ní ìkẹyìn, ẹ̀yin olùkọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, nígbà tí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn kan wí pé kí ni ọmọ ọlọ́jà fẹ́ fi ìwé ṣe. Ìdáhùn wà níwájú gbogbo wa lónìí. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, ní àárín àwọn ọdún 1940, Olùkọ́ Funmilayo Ransome-Kuti ti ń kọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Abẹ́òkúta ní ìwé kíkà, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí kò bá lè ka ìwé tí a fi sọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò máa pín ohun ìní rẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ ṣe bí i tirẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò owó òwò pẹ̀lú ìṣirò inú ìwé. Ẹ yan ọ̀sán ọjọ́ kan lóṣù, kí ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò yín, kí ẹ bá wọn ka ìwé ìbéèrè owó, kí ẹ bá wọn kún un, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ohun tí ó ya àwọn tí ó gba ẹ̀bùn l'Ákírà àti ní ilẹ̀ Faransé sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn kì í ṣe ọgbọ́n orí nìkan. Ìwé ìbéèrè tí a kún dáadáa wà lára rẹ̀.

Kì í ṣe àánú ni a ń tọrọ fún àwọn obìnrin wa. Ẹni tí ó bá fi owó sí oko tí ó dára kò ṣàánú oko. Ó ń wá ìkórè ni. Àjèjì ti rí oko yìí, wọ́n sì ti gbin èso síbẹ̀. Ó tó àkókò kí onílẹ̀ pẹ̀lú gbé ọkọ́.